Ẹ̀ṣọ́ Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ní Himi, bí ọdún bá ń lọ sópin,
tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí òkè ní fìlà,
ààrá a máa sán lójú òkun lóru.
Bàbá mi Tokuji a dìde jókòó lórí ẹní,
a rẹ́rìn-ín sínú òkùnkùn, a ní,
"Ó ti ń jí wọn. Búrì ti ń bọ̀."
Ẹja ọlọ́ràá, ó gùn tó apá géńdé,
ààrá nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é nísàlẹ̀ omi.

Èmi kì í rẹ́rìn-ín.
Mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta
láàrin ìgbà tó kọ mànà àti ìgbà tó dún,
bí onígbèsè tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ olówó lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún tó kọjá, ààrá kan náà tó jí ẹja
ló gorí wáyà wọ ilé-òtútù àwọn apẹja.
Kò tó ìpajúpẹ́.
Bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ní ọjọ́ kẹta, búrì irinwó ń rùn,
bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ di imú,
kò bú ààrá.
Ó ní, "Kiyono, ṣebí ìwọ lo kàwé iná?"

Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́.
Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ògiri ni mo kọ́kọ́ rò.
Ìyá Muraoka, tó ti lo ogójì ọdún nídìí iléru,
wo ìwé tí mo yàwòrán sí, ó nawọ́ sí gọ́tà òrùlé:
"Ta ló ń bá òjò ja ìjàkadì?"
Òótọ́ ni. Àgbàrá kò ní òun ò nílé wó,
onílé ló ń la ojú ọ̀nà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ tèmi kò dínà.
Ẹ̀bá ọ̀nà ló dúró sí,
ẹsẹ̀ kan lórí wáyà, ẹsẹ̀ kan nínú ilẹ̀.
Ní ọgọ́rùn-ún fóòtì, ó sùn fọnfọn,
iná ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kò kí i.
Ṣùgbọ́n bí orí iná bá dàrú, tó di ẹgbẹ̀rún,
kí o tó ní "háà", ó ti lajú,
ó ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé:
gba ibí, àlejò. Inú ilẹ̀ gbà ọ́.

Ìyẹ̀fun síńkì, funfun bí ìyẹ̀fun ìrẹsì,
bísímọ́ọ̀tì ìwọ̀nba, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì ẹ̀wù,
mo tì í bọ iléru, mo sì jókòó tì í.
Wóró rẹ̀ ń wú, wọ́n ń fara kanra.
Ààlà tínrín tó wà láàrin wóró àti wóró,
ibẹ̀ ni ọgbọ́n ń gbé,
kì í ṣe nínú wóró kankan.
Bí wóró bá tóbi jù, ààlà á dín,
ẹ̀ṣọ́ á máa ta jí bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́.
Bí wóró bá kéré jù, á sùn títí ilé á fi jó.

A ń dá ààrá tiwa nínú yàrá ìdánwò.
Ìkẹtàdínlógún là sí méjì, ariwo rẹ̀ bí àwo tó já bọ́.
Ìkejìdínlógún rú èéfín.
Ogún gbóná.
Ó gbóná, ó dúró.

Lálẹ́ àná, ààrá sán.
Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà, ó mú tọ́ọ̀ṣì,
ó lọ wo fèrèsé kékeré tí mo gé sára àpótí náà:
àwọ̀ ewé bó bá wà láàyè, pupa bó bá ti kú.
Ó padà pẹ̀lú yìnyín léjìká. "Àwọ̀ ewé ni."
Mo sọ fún un pé gbogbo ààrá ló ń bù ú jẹ díẹ̀,
pé lọ́jọ́ kan á tán.
Ó dákẹ́. Ó bọ́ bàtà ọ̀tún.
Ó wá bi mí bóyá ó ń dùn ún.